Fíúwìn sẹ́ńtà tá a ti wo Ohio State gba ife ní Kábbà: owó ẹ̀ tó sí i, àmọ́ ẹ mú súwẹ́tà dání

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Látìgbà tí mo ti ń pariwo Ohio State, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, káàkiri làwọn èèyàn ti ń bi mí pé níbo gan-an ni mo ti rí i wò ní Kábbà níbí, àfi bíi pé Èkó àti Àbújá nìkan ni irú ẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ wà o. Fíúwìn sẹ́ńtà kan ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo ṣì máa bú wọn díẹ̀ tó bá yá, àmọ́ ẹni tó bá gba ọ̀nà Òkénè jáde láti àárín ìlú, tó rí ilé páànù gígùn kan tí wọ́n kùn ní búlúù, tí wọ́n ya àmì Arsenal àti Chelsea sára ògiri ẹ̀ (ti Chelsea yẹn, kìnnìún ni wọ́n ní káwọn yà, ajá ló jọ), ó ti débẹ̀.

Kí n tètè là á yé yín, bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ kì í ṣe ti Osimhen. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ni, ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, tí wọ́n ń dé akoto, tàwọn yunifásítì sì ni, kì í ṣe ti NFL, ìyẹn líìgì àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe. Lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù yunifásítì kì í ṣe eré ọmọdé rárá. Pápá Ohio State tó wà ní Columbus ń gba èèyàn tó lé ní 100,000, ó sì ń kún. Yunifásítì o! Àwa tí pápá sẹ́kọ́ńdìrì tiwa jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń jẹko ní gólù.

Nípa ibi ìjókòó, bẹ́ǹṣì onígi ló pọ̀ jù, ṣíà rọ́bà díẹ̀ wà níwájú, ẹni tó bá tètè dé ló ni ín. Tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì wà níwájú, kékeré kan wà lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ẹ fi tẹlifíṣọ̀n kékeré yẹn sọ́kàn. Premier League, 300 náírà. Ti Amẹ́ríkà, 500, òru ni o, ìrọ̀lẹ́ ni o. Ẹni tó bá ní ó wọ́n, kó lọ ra dátà tí á fi wo nǹkan tó ju wákàtí 3 lọ lórí fóònù, kó wá ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ̀, pẹ̀lú bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe máa ń yí bírí bírí lórí skríìnì. Ohun tó gbé èmi débẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sanwó fún gan-an ni Tíṣà. Ọkùnrin kan ni, òun ló ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa ń pè é ní Tíṣà, kò sì kọ́ ọmọ ẹnì kankan níwèé rí. Kò tíì kúrò ní Nàìjíríà rí náà. Orí tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lóru lóru nígbà tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ó wá mọ̀ ọ́n débi pé tó bá ń sọ̀rọ̀ àwọn kan ń rò pé ó ti gbé Ohio rí. Tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó máa fa bẹ́ǹṣì kékeré kan jáde, á to ọmọrí ìgò sórí ẹ̀, 11 síbí, 11 sọ́hùn-ún, tí Coke pupa bá ti wà, Ohio State nìyẹn, torí pupa ni wọ́n ń wọ̀, ọmọrí málíìtì á wá jẹ́ ẹgbẹ́ kejì. Ìgbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá dúró (ẹ sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù yẹn, dídúró ẹ̀ ló pọ̀ ju rírìn ẹ̀ lọ), ó máa fi ìka ti ọmọrí kan síwájú, á fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sọ fún wa pé ibi tí wọ́n ń lọ nìyẹn.

Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìgbà 4 ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kan láti gbé bọ́ọ̀lù rin yáàdì 10, tí wọ́n bá rìn ín wọ́n á tún fún wọn ní 4 míì, tí wọn ò bá rìn ín, bọ́ọ̀lù di ti ẹlòmíì. Tí wọ́n bá gbé e dé òpin pápá, tọ́ọ̀ṣìdáùn nìyẹn, máàkì 6, wọ́n á tún fẹsẹ̀ gbá ọ̀kan sí i kó di 7. Tí ọ̀nà bá dí, wọ́n á fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó, 3 nìyẹn. Ó tán. Mo ti wo fídíò lóríṣiríṣi lórí YouTube tó fi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tí Tíṣà fi ọmọrí ìgò ṣàlàyé kí wọ́n tó dín àkàrà tán. Màmá tó ń dín àkàrà níta gan-an ti mọ̀ ọ́n. Kó tó da èyí tó kàn sínú epo, ó máa na ọrùn wo inú ilé, á ní ṣé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni àbí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, torí ó mọ̀ pé tó bá ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó máa jáde wá ra nǹkan kan.

Àléébù Tíṣà kan ṣoṣo ni pé kì í sọ pé òun ò mọ̀. Tó bá ṣìnà, pẹ̀lú ìdánilójú ló máa fi ṣìnà.

Ó ti ń yin sáà tí wọ́n gba ife yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ máa jẹ́ kí ẹgbẹ́ 12 wọ ìdíje ìparí, tẹ́lẹ̀ ẹgbẹ́ 4 péré ni, ó ní èyí máa ṣe ẹnì kan lóore. Òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ tàtijọ́, Ohio State ì bá ti wà nílé nígbà táwọn yòókù ń gbá a. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n nà wọ́n kí wọ́n tó débẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Oregon, oṣù kẹwàá, aago 12 ààbọ̀ òru níbí, 32 sí 31. Máàkì kan péré! Ìparí ẹ̀ ló dùn wá jù. Ohio State ń lọ, wọ́n kàn ń wá ibi tí wọ́n á ti fẹsẹ̀ gbá a wọlé ni, Will Howard tó jẹ́ kọ́tábáàkì wọn (ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù, Tíṣà ní òun ni dírébà) gbé bọ́ọ̀lù sáré, ó wá fi ìdí wọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa kọlù ú, kó tó dìde aago ti tán. Ńṣe la rò pé tẹlifíṣọ̀n ló dúró. Ẹnì kan tiẹ̀ ti dìde láti lọ gbá dẹ́kódà.

Ìkejì ni Michigan, ibẹ̀ sì ni mo ti máa bú àwọn tó ni sẹ́ńtà yẹn. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni, aago 6 ìrọ̀lẹ́ tiwa, kì í tiẹ̀ ṣe òru. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù wọn mọ̀ pé láàárín Ohio State àti Michigan kò sí ọ̀rẹ́, Michigan sì ti nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, àmọ́ lọ́dún yẹn Michigan ò dáa, wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ 25 tí wọ́n kà kún gidi, gbogbo èèyàn ti sọ pé ìnà lásán ni wọ́n máa jẹ. A ti sanwó, a ti jókòó, Tíṣà ti to ọmọrí ẹ̀. Bó ṣe di aago 6 ààbọ̀ báyìí tí West Ham àti Arsenal fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá tó ni ibẹ̀ bá ní ká dìde, ká máa lọ sẹ́yìn, sídìí tẹlifíṣọ̀n kékeré ẹ̀gbẹ́ fìríìjì yẹn, ó sì pa ohùn ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rántí bọ́ọ̀lù Arsenal ọjọ́ yẹn, 5 sí 2, gólù 7 ní háfù àkọ́kọ́ nìkan, ẹ wá wo ariwo tó máa wà nínú ilé páànù. Àwọn kan gun bẹ́ǹṣì, ọ̀kan jókòó sórí ọmọrí ìgò Tíṣà. Nínú ariwo yẹn la ti fojú rí i tí Michigan na Ohio State 13 sí 10 nílé wọn. Wọ́n tún gbé àsíá Michigan wá gún mọ́ àárín pápá, ìjà bẹ́, ọlọ́pàá fọ́n nǹkan bí ata sí wọn lójú, àwa ò gbọ́ kí ni ẹnikẹ́ni ń sọ, a kàn ń rí àwọn ọmọkùnrin gìrìwò tó ń nu ojú ni. 500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Wọn ò dá 200 padà. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá lójú ẹ̀ pé ìyẹn ò dáa, ó ní ẹ máa bínú, Arsenal ló ń san owó ilé. Òótọ́ ni, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri nígbà náà pé onípò kejì ni wá, ká mọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn làwọn ará Ohio fúnra wọn ń sọ pé kí wọ́n lé Ryan Day tó jẹ́ kóòṣì. Tíṣà nìkan ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ná tó 20 mílíọ̀nù dọ́là lé lórí, kò lè kú síbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ owó yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ gan-an. Látọdún 2021 ni wọ́n ti gbà káwọn ọmọ ilé-ìwé máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pa owó, wọ́n sì lè ṣí láti yunifásítì kan lọ sí òmíràn wẹ́rẹ́, bí Howard ṣe wá láti Kansas State nìyẹn, Quinshon Judkins láti Ole Miss, Caleb Downs láti Alabama. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó tì mí, tó ṣì ń wá owó ilé-ìwé tiẹ̀ kiri, ò lè gbà á gbọ́, ó ń bi Tíṣà ṣáá pé ṣé wọ́n ń ṣe ìdánwò ṣá. Témi ni pé owó ò lè fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, Michigan ṣáà jẹ́ ká rí i.

Ìgbà tí ìdíje ìparí dé ni sẹ́ńtà yẹn wá di sẹ́ńtà. Ti Tennessee, aago 2 òru mọ́jú Sunday tó ṣáájú Kérésì. Àwọn ará Èkó àti Àbújá ti wálé, àwọn kan ti Mọ̀pà àti Ìyàrá wá, ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé láti abẹ́ páànù bíi pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, ní Columbus náà òtútù fẹ́ pa wọ́n, gbogbo ayé ló ń gbọ̀n. Ohio State ti gbá 21 wọlé kí Tennessee tó mọ ibi tí wọ́n wà, 42 sí 17 ló parí sí. Púpọ̀ nínú wa ló ti ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tààràtà, kí Ọlọ́run dárí oorun tá a sùn níbẹ̀ jì wá.

Pápá kan tí wọ́n ń pè ní Rose Bowl ni wọ́n ti tún pàdé Oregon, ọjọ́ kìíní ọdún 2025, aago 11 alẹ́ níbí. Èyí ni mo gbádùn jù ní gbogbo sáà náà. 34 sí òdo! Kí wọ́n tó lọ sinmi o, Oregon tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà lọ́dún yẹn. Jeremiah Smith, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ló ń gba bọ́ọ̀lù lókè orí àwọn àgbà. Emeka Egbuka náà wà ńbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta spare parts, ọmọ Ìgbò ni, ó kàn yà wá sídìí ọtí ẹ̀ ni, kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù yẹn, títí dìgbà tí wọ́n dárúkọ Egbuka tó gba bọ́ọ̀lù sá yáàdì 42 wọlé. Ó dìde. Ó ní ta ni wọ́n pè? Tíṣà ní Egbuka ni, Emeka. Ọkùnrin yìí ra mínírà fún gbogbo ilé, látọjọ́ náà kò pa ọ̀kan jẹ mọ́. Egbuka yẹn ti wà ní NFL báyìí, Tampa Bay mú un ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọ̀gbẹ́ni yẹn sì ti ń wá jẹ́sì ẹ̀ kiri Kábbà.

Ìparí 41 sí 21.

Wàhálà jẹnẹrétọ̀ ni ti Texas. Aago 1 ààbọ̀ òru ló bẹ̀rẹ̀, mọ́jú ọjọ́ 11 oṣù kìíní. Iná ò sí látàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ló gbé gbogbo nǹkan. Ohio State ní 21, Texas 14, ó ku bí ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀, Texas ti gbé bọ́ọ̀lù dé ẹnu ọ̀nà, yáàdì kan péré ló kù wọ́n, wọ́n tì wọ́n sẹ́yìn, ó wá di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, gbogbo ilé dúró, Màmá aláàkàrà gan-an ti wọlé. Jẹnẹrétọ̀ húkọ́, ó kú. Epo ti tán! Ariwo tó sọ níbẹ̀, mo lérò pé wọ́n gbọ́ ọ ní ààfin Ọ̀bàrò. Wọ́n sáré da epo sí i, iná padà dé, àmọ́ ẹ mọ bí dẹ́kódà ṣe máa ń ṣe, ó kọ́kọ́ máa ronú. Ìgbà tí àwòrán fi máa padà, ó ti di 28 sí 14. Jack Sawyer ló ti gbá kọ́tábáàkì Texas, Quinn Ewers, tí bọ́ọ̀lù já bọ́, ó gbé e, ó sáré yáàdì 83 láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, àti pé Sawyer àti Ewers yìí ti jọ gbé yàrá kan náà rí nígbà tí Ewers wà ní Ohio State! Bọ́ọ̀lù tó dáa jù ní gbogbo sáà, àtúnfihàn ẹ̀ la rí. Mo ṣì ń bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí torí òun ló jẹ́ kí n máa padà lọ. Ọ̀gá dìde, ó bẹ̀ wá, kò bá wa jiyàn rárá, ó ní ẹnikẹ́ni tó wà ńbẹ̀ lóru yẹn ò ní sanwó fáínà. Ó sì mú un ṣẹ. Tíṣà ti kọ orúkọ wa sínú ìwé kan, ó ń ká wa wọlé níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ti ra ínfátà àti bátìrì, tẹlifíṣọ̀n ńlá àti dẹ́kódà ni wọ́n so mọ́ ọn, tí jẹnẹrétọ̀ bá fẹ́ kó kú sígboro, àwòrán ò ní mọ̀. Ká ní gbogbo oníṣòwò wa ń gbọ́rọ̀ báyìí.

Fáínà bọ́ sí òru Monday mọ́jú Tuesday, ọjọ́ 21 oṣù kìíní, Atlanta ni wọ́n ti gbá a, Ohio State àti Notre Dame. Ilé pín sí méjì. Marcus Freeman tó jẹ́ kóòṣì Notre Dame ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa kó ẹgbẹ́ dé fáínà yìí, torí ìyẹn àwọn kan yí padà sẹ́yìn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Tíṣà wá dá wọn láàmú nígbà tó sọ fún wọn pé Ohio State ni Freeman fúnra ẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó wà lọ́mọ ilé-ìwé. Notre Dame ló kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n ń rìn ín díẹ̀ díẹ̀, bí ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fi dì í mú kí wọ́n tó gbé e wọlé, èèyàn ti ń sùn. Lẹ́yìn náà ni Ohio State gbá 31 léra wọn láìsinmi. Judkins nìkan, tọ́ọ̀ṣìdáùn 3. Howard ò ṣi bọ́ọ̀lù kan jù fún ìgbà pípẹ́, gbogbo èyí tó ń jù ló ń bá ọwọ́ ẹni. 31 sí 7. Àwọn kan ti ń wá bàtà wọn.

Notre Dame ò gbà. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, ó di 31 sí 23. Ohio State ní bọ́ọ̀lù, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni, yáàdì 11 ló kù wọ́n, tí wọn ò bá rìn ín Notre Dame máa tún gbà á. Tíṣà dìde, ó ní ẹ fọkàn balẹ̀, sísáré ni wọ́n máa gbé e sáré kí aago lè máa jẹ, kò sí kóòṣì tó gbọ́n tó máa ju bọ́ọ̀lù nírú ìgbà yìí, ó ti ọmọrí Judkins sí àárín. Kò tíì gbé ìka kúrò lórí ẹ̀ tí Howard fi ju bọ́ọ̀lù sókè réré, Jeremiah Smith sì wà lábẹ́ ẹ̀ lóun nìkan, yáàdì 56! Bẹ́ǹṣì ọmọrí ìgò yẹn, n kò mọ ẹni tó tapá sí i, a ń he ọmọrí nílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n fẹsẹ̀ gbá 3 kún un, 34 sí 23, wọ́n gba ife. Ryan Day tí wọ́n ní kí wọ́n lé.

Àwọn nǹkan tó kù, kí n yára sọ ọ́. Àkàrà Màmá gbóná, ó dáa, iṣu sísun àti epo náà wà lásìkò iṣu, ẹ má ra ẹran tí wọ́n ń ta nínú, ó le. Bíà tutù. Ohùn tẹlifíṣọ̀n yé èèyàn tí Arsenal ò bá ti sí ńbẹ̀. Ẹ̀fọn pọ̀ nígbà òjò, nígbà ọyẹ́ ẹ mú súwẹ́tà àti nǹkan ìborí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú míì: tí bọ́ọ̀lù bá parí ní aago 5 ìdájí, wọn kì í lé èèyàn jáde, wọ́n á ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ lè na bẹ́ǹṣì méjì pọ̀ kẹ́ ẹ sùn dìgbà tí ọkọ̀ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣáà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Sáà tó tẹ̀ lé e náà dé. Ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Ohio State àti Texas tún pàdé ní Columbus, aago 5 ìrọ̀lẹ́ tiwa, Saturday ni, mo ti lọ bá ọ̀gá sọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ní láti jẹ́ tiwa lọ́jọ́ náà, ó ní òun gbọ́. Máàkì témi fún wọn, 7 nínú 10. Kan lọ nítorí ọjọ́ Michigan, kan lọ nítorí epo jẹnẹrétọ̀. Ìkẹta ni ti ilé ìtọ̀ ẹ̀yìn yẹn tí kò ní ilẹ̀kùn, aṣọ ni wọ́n ta síbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Tí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn sí i, mo máa mú ìyàwó mi dání, torí òun náà ti ń béèrè pé ta ni Jeremiah Smith.